Bí Orin Swing Ṣe Kúrò ní Gbọ̀ngàn Ijó Wọ Yàrá Ìgbafẹ́ ní Amẹ́ríkà, 1924 sí 1966

Láàárín ọdún 1935 sí 1946, orin jáàsì tí wọ́n ń pè ní swing ni ó gbajúmọ̀ jù lọ ní Amẹ́ríkà. Orin oníjó ni nígbà náà. Ẹgbẹ́ kan lè ní olórin mẹ́rìnlá sí mẹ́tàdínlógún, gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣeré sì lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1956, orin náà ti di ohun tí ènìyàn ń jókòó gbọ́ nínú yàrá ìgbafẹ́ kékeré, pẹ̀lú ife ọtí lórí tábìlì, tàbí ní pálọ̀ ara rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Àwọn kan máa ń ṣàlàyé ìyípadà yìí bí ẹni pé ariwo ni ó kàn sú àwọn ará ìlú. Àlàyé náà kò tó. Ẹ̀rọ, ogun, ìdaṣẹ́sílẹ̀, owó orí àti ìyàsọ́tọ̀ àwọ̀ ni wọ́n jọ ti orin náà wọ yàrá kékeré, a ó sì yẹ̀ wọ́n wò bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn.

Ìlú New Orleans ní ìpínlẹ̀ Louisiana ni orírun jáàsì. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ẹrú tí wọ́n jẹ́ ọmọ Áfíríkà a máa péjọ ní ọjọ́ Àìkú sí gbàgede kan tí a mọ̀ sí Congo Square láti lu ìlù àti láti jó. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún fi bẹ̀rẹ̀, àwọn àtọmọdọ́mọ wọn ti mọ fèrè àwọn ológun í fọn, wọ́n ti mọ pianó í tẹ̀, wọ́n sì ti da orin ṣọ́ọ̀ṣì, blues àti ragtime pọ̀ di ọ̀kan. Níbẹ̀ ni wọ́n bí Louis Armstrong sí ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹjọ, ọdún 1901. Lákòókò Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní ni àwọn adúláwọ̀ gúúsù Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ sí àríwá lọ́wọ̀ọ̀wọ́, nítorí pé iṣẹ́ wà ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ibẹ̀, àti nítorí pé òfin gúúsù kò fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀. Àwọn olórin bá wọn lọ. Armstrong dé Chicago ní ọdún 1922 láti wà lábẹ́ ọ̀gá rẹ̀, King Oliver. Ní ọdún 1924, ó kọjá sí New York.

Ẹgbẹ́ Fletcher Henderson, tí ó ń ṣeré ní gbọ̀ngàn Roseland, ni ó gbà á síṣẹ́ níbẹ̀. Don Redman ni ó ń to orin fún ẹgbẹ́ yìí. Redman pín àwọn afọnfèrè sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́: àwọn tí ó ń fọn fèrè idẹ lápá kan, àwọn tí ó ń fọn saxophone àti clarinet lápá kejì. Bí ọ̀wọ́ kan bá lé orin, èkejì a gbè é. Lílé àti gbígbè kì í ṣe ohun tí a ń ṣàlàyé fún ọmọ Yorùbá; ohun tí ó jẹ́ tuntun nínú rẹ̀ ni pé fèrè ni ó ń lé, fèrè ni ó ń gbè, tí wọ́n sì ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lórí ìwé ṣáájú. Armstrong ní tirẹ̀ kò pẹ́ níbẹ̀ ju nǹkan bí ọdún kan lọ, ṣùgbọ́n ó ti fi ohun kan han àwọn olórin ìlú ńlá náà kí ó tó lọ. Ìlù mẹ́rin ni ó wà nínú ìwọ̀n orin wọn kọ̀ọ̀kan. Bí a bá pín ìlù kan sí méjì, wọ́n sábà máa ń mú kí ìdá méjèèjì dọ́gba. Armstrong a mú kí ìdá kìn-ín-ní gùn ju èkejì lọ, a sì máa bọ́ sórí ìlù pẹ̀lú ìdẹ̀ra, kò ní kánjú. Àìdọ́gba yìí ni ó ń mi ẹsẹ̀ olùgbọ́. Òun ni swing.

Láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1920 ni òfin ti ka títa ọtí léèwọ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà, kò sì kásẹ̀ nílẹ̀ títí di oṣù Kejìlá ọdún 1933. Òfin náà kò dá ọtí mímu dúró. Ó kàn gbé e fún àwọn jàǹdùkú tí wọ́n ń ṣí ilé ọtí àbẹ́lẹ̀ ni, àwọn wọ̀nyí sì nílò olórin tí yóò fa èrò wọlé. Ọ̀kan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni Cotton Club ní Harlem, níbi tí Duke Ellington àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 1927. Adúláwọ̀ ni àwọn olórin, adúláwọ̀ ni àwọn oníjó, adúláwọ̀ ni àwọn agbáwo. Aláwọ̀ funfun ni àwọn tí wọ́n jókòó tí wọ́n ń wò wọ́n. Rédíò gbé orin Ellington láti inú ilé yẹn dé gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Gbọ̀ngàn Savoy tí wọ́n ṣí ní Lenox Avenue ní oṣù Kẹta ọdún 1926 yàtọ̀ sí i, nítorí pé dúdú àti funfun jọ ń jó níbẹ̀. Chick Webb, onílù tí àìsàn ti ba eegun ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ láti kékeré, ni ọ̀gá olórin ibẹ̀. Ella Fitzgerald, ọmọdébìnrin tí ó borí nínú ìdíje kan ní gbọ̀ngàn Apollo ní oṣù Kọkànlá ọdún 1934, dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Webb ní ọdún 1935.

Ètò ọrọ̀ ajé tí ó dẹnu kọlẹ̀ ní ọdún 1929 ba títa àwo orin jẹ́ gidigidi. Rédíò kò béèrè owó lọ́wọ́ olùgbọ́, nítorí náà òun ni ó rọ́pò àwo. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1934, ilé-iṣẹ́ NBC bẹ̀rẹ̀ ètò orin ijó kan tí Benny Goodman, ọmọ Júù láti Chicago, wà lára àwọn tí ó ń ṣeré níbẹ̀. Goodman nílò orin tuntun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Henderson, tí ẹgbẹ́ tirẹ̀ kò rí ọwọ́ họrí mọ́, ta àwọn orin tí ó ti tò sílẹ̀ fún un. Bí ẹgbẹ́ aláwọ̀ funfun ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ ọpọlọ adúláwọ̀ gbayì nìyẹn, èrè tí ó sì bọ́ sọ́wọ́ Henderson kò jọ ti Goodman rárá. Ilẹ̀ ti máa ń ṣú jù ní New York kí ó tó kan Goodman nínú ètò náà, àwọn ọ̀dọ́ ti sùn. Ní Kalifóníà, alẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lẹ́ ni. Ìyẹn ni ó fà á tí ìrìn-àjò Goodman fi tutù ní ọ̀pọ̀ ìlú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1935, ṣùgbọ́n tí èrò fi hó yèè ní gbọ̀ngàn Palomar ní Los Angeles ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹjọ. Ọjọ́ yẹn ni àwọn òpìtàn sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀ sáà swing.

Ohun méjì mìíràn tí Goodman ṣe kan ìtàn tí a ń sọ yìí. Èkíní ni pé ó dá ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta sílẹ̀ láti inú ẹgbẹ́ ńlá rẹ̀: òun lórí clarinet, Gene Krupa lórí ìlù, àti Teddy Wilson, adúláwọ̀, lórí pianó. Lionel Hampton ni ó sọ wọ́n di mẹ́rin. Orin wọn rọlẹ̀, kò sì fi dandan jẹ́ ti ijó. Èkejì ni pé ní ọjọ́ 16, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1938, ó gbé swing wọ Carnegie Hall ní New York, níbi tí ó jẹ́ pé orin àwọn àgbà òyìnbó Yúróòpù ni wọ́n sábà ń gbọ́. Àwọn ènìyàn ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n jókòó, wọ́n sì gbọ́ swing láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Láti Kansas City ni ẹ̀kọ́ nípa dídákẹ́ nínú orin ti wá. William Basie, tí wọ́n ń pè ní Count, kó ẹgbẹ́ tirẹ̀ jọ síbẹ̀ lẹ́yìn tí ọ̀gá rẹ̀, Bennie Moten, kú ní ọdún 1935. Ní ọdún 1936, John Hammond, ọlọ́rọ̀ kan tí ó fẹ́ràn jáàsì, ń gbọ́ rédíò inú ọkọ̀ rẹ̀ ní Chicago nígbà tí ó ṣàdédé bá ẹgbẹ́ Basie lórí afẹ́fẹ́ láti Reno Club. Òun ni ó là wọ́n lọ́nà dé New York. Bí Basie bá ń tẹ pianó, kì í tẹ̀ ẹ́ púpọ̀: ohùn méjì tàbí mẹ́ta, kí ó dákẹ́, kí ó tún tẹ ẹyọ kan. Àwọn tí wọ́n wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ó fọkàn tán. Walter Page ń fa báàsì, Jo Jones gbé ìwọ̀n ìlù kúrò lórí ìlù ńlá tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lù, ó gbé e sórí páànù idẹ kí ó lè fúyẹ́, nígbà tí Freddie Green sì wọlé ní ọdún 1937, gìtá rẹ̀ tí kò ní iná bẹ̀rẹ̀ sí í dún lẹ́ẹ̀mẹ́rin nínú ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, ó rọra ń bá báàsì rìn. Ẹni tí ó bá fetí sí ẹgbẹ́ Basie lè má gbọ́ gìtá náà ketekete, ṣùgbọ́n bí a bá yọ ọ́, yóò mọ̀ pé nǹkan kan ti sọnù. Gbogbo orin yàrá ìgbafẹ́ tí ó dé lẹ́yìn ni ó jẹ gbèsè àwọn mẹ́rin yìí.

Ní ti àwọn akọrin, makirofóònù ni ó tú wọn sílẹ̀. Kí ó tó di ọdún 1925, inú fọ́nńù ńlá kan ni wọ́n ń pariwo sí bí wọ́n bá fẹ́ gba ohùn wọn sílẹ̀. Ìgbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ àwo bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná mànàmáná gba ohùn, ẹni tí ohùn rẹ̀ kò ròkè lè kọrin bí ẹni tí ó ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀ nítòsí. Bing Crosby wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi èyí di olókìkí ńlá. Billie Holiday gbé e lọ síbi tí Crosby kò dé. Ohùn Holiday kò tóbi, kò sì gùn sókè tàbí sísàlẹ̀. Ohun tí ó ní ni ọgbọ́n àtidúró sẹ́yìn ìlù, kí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ pẹ́ díẹ̀ kí ó tó bọ́ lẹ́nu. Àwọn àwo tí ó ṣe pẹ̀lú Teddy Wilson láti ọdún 1935 fi èyí hàn ju ohunkóhun lọ. Ní òpin ọdún 1938, Barney Josephson ṣí Café Society ní Greenwich Village, ilé ìgbafẹ́ tí dúdú àti funfun ti lè jókòó ti ara wọn, Holiday sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ kọrin níbẹ̀. Irú yàrá bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n nígbà náà.

Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kejì ní oṣù Kejìlá ọdún 1941, wàhálà ẹgbẹ́ olórin ńlá sì bẹ̀rẹ̀. Ìjọba kó ọ̀pọ̀ olórin wọṣẹ́ ológun. Epo àti táyà di ohun tí wọ́n ń pín níwọ̀nba, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ bọ́ọ̀sì ni àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí fi ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn. Glenn Miller, tí àwo rẹ̀ ń tà ju ti ẹnikẹ́ni lọ, di ọ̀gágun. Ọkọ̀ òfuurufú tí ó wọ̀ kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 15, oṣù Kejìlá, ọdún 1944 kò sì dé Faransé. Ṣáájú ìyẹn, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹjọ ọdún 1942, James Petrillo, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn olórin, ti pàṣẹ pé kí ọmọ ẹgbẹ́ kankan má ṣe gba orin sílẹ̀ mọ́ àfi tí àwọn ilé-iṣẹ́ àwo bá ń san owó sí àpò ìrànwọ́ fún àwọn olórin tí àwo àti rédíò ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Decca gbà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1943. Columbia àti Victor kò gbà títí di oṣù Kọkànlá ọdún 1944.

Ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà ní àbájáde tí Petrillo kò rò tẹ́lẹ̀. Àwọn akọrin kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí náà wọ́n ń gba orin sílẹ̀ lọ, ohùn àwọn elégbè ni ó sì dípò fèrè. Frank Sinatra, ọmọ Hoboken tí ó ti kọrin fún ẹgbẹ́ Harry James àti ti Tommy Dorsey kí ó tó dá dúró ní ọdún 1942, wà lára wọn. Nígbà tí àwọn afọnfèrè fi padà, akọrin ti di ọ̀gá, ẹgbẹ́ ti di elégbè. Ní ọdún 1944, ìjọba àpapọ̀ tún gbé owó orí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lé ibikíbi tí wọ́n bá ti ń jó tàbí kọrin bí oníbàárà ti ń jẹ tí ó ń mu. Wọ́n dín in kù sí ìdá 20 láàárín ọdún yẹn kan náà, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ onílé ijó ti kó tábìlì bo ojú agbo. Olórin mẹ́ta lórí àga kò ná wọn lówó bí olórin mẹ́tàdínlógún. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1946 nìkan, Benny Goodman, Harry James, Tommy Dorsey, Woody Herman àti Les Brown tú ẹgbẹ́ wọn ká. Ellington di tirẹ̀ mú. Basie pàápàá dín ẹgbẹ́ rẹ̀ kù sí kékeré ní ọdún 1950, kí ó tó tún kó ẹgbẹ́ ńlá jọ ní ọdún 1952.

Ẹni tí ó ti wà ní ìmúrasílẹ̀ fún irú ayé yìí ni Nat King Cole. Montgomery ní Alabama ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1919, àmọ́ Chicago ni ó dàgbà sí, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ pásítọ̀. Ní ọdún 1937, eré orí ìtàgé kan tí ó bá wọn ṣe tú ká mọ́ ọn lórí ní Kalifóníà, ó sì dá ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta sílẹ̀ ní Los Angeles: òun lórí pianó, Oscar Moore lórí gìtá, Wesley Prince lórí báàsì. Kò sí onílù. Nítorí èyí, iṣẹ́ ìlù pín sí ọwọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí gìtá bá ń sọ̀rọ̀, pianó a máa tẹ ìwọ̀n, bí pianó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àrà, gìtá a bọ́ sípò rẹ̀. Ìmọ̀ pianó ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ Cole, kì í ṣe ohùn. Capitol, ilé-iṣẹ́ àwo tí Johnny Mercer àti àwọn méjì mìíràn dá sílẹ̀ ní Los Angeles ní ọdún 1942, wà lára àwọn tí ó tètè bá Petrillo parí ìjà. Ìyẹn ni ó fi ṣeé ṣe fún Cole láti gba "Straighten Up and Fly Right" sílẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1943. Àlọ́ igún àti ọ̀bọ, tí bàbá rẹ̀ fi ń wàásù, ni ó sọ di orin náà. Ó ti ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 50 dọ́là kí ó tó di pé ó lókìkí.

"Mona Lisa" ti ọdún 1950 sọ Cole di olórin gbogbo ayé, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á kúrò nídìí pianó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ kò hàn lára àwo náà, Nelson Riddle, ni ó tò ó. Òkìkí Cole kò dáàbò bò ó. Nígbà tí ó ra ilé ní àdúgbò Hancock Park ní Los Angeles ní ọdún 1948, àwọn aládùúgbò kó ara wọn jọ láti lé e. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹrin, ọdún 1956, àwọn aláwọ̀ funfun kan gorí ìtàgé ní Birmingham, Alabama, wọ́n sì gbé e ṣubú níbi tí ó ti ń kọrin. Ètò tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ lórí NBC bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, ó sì parí ní oṣù Kejìlá ọdún 1957, nítorí pé kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá tí ó fẹ́ kí wọ́n rí orúkọ òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ adúláwọ̀.

Ẹ̀rọ mìíràn ti dé láàárín àkókò yìí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1948, Columbia gbé àwo gbọọrọ jáde, èyí tí ojú rẹ̀ kan lè gba ohun tí ó lé ní ogún ìṣẹ́jú, nígbà tí àwo àtijọ́ kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Onílé lè gbé àwo kan sórí ẹ̀rọ, kí ó jókòó, kí ó má sì dìde mọ́ títí tí ojú kan yóò fi tán. Olórin náà lè ro odindi àwo bí ohun kan ṣoṣo. Sinatra wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ lo àǹfààní yìí dáadáa. Columbia ti já a sílẹ̀ ní ọdún 1952, ohùn rẹ̀ ti rẹ̀, àwo rẹ̀ kò tà. Capitol gbà á ní oṣù Kẹta ọdún 1953, wọ́n sì fà á lé Riddle lọ́wọ́. Riddle ti fọn trombone rí nínú ẹgbẹ́ Dorsey, ibi tí Sinatra náà ti kọ́ bí a ṣe ń fa èémí gígùn. "In the Wee Small Hours" ti ọdún 1955 jẹ́ orin ìbànújẹ́ mẹ́rìndínlógún lórí àwo kan. "Songs for Swingin' Lovers!" ti ọdún 1956 jẹ́ òdìkejì rẹ̀.

Nínú àwo kejì yìí ni "I've Got You Under My Skin" wà, tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Los Angeles ní ọjọ́ 12, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1956. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Sinatra bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, báàsì ń rìn, gòjé wà lẹ́yìn. Láàárín orin, trombone ohùn ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kúkurú kan, ó ń tún un sọ, àwọn fèrè yòókù ń bọ́ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tí ohùn gbogbo wọn fi kún. Ibẹ̀ ni Milt Bernhart ti já gbà pẹ̀lú trombone tirẹ̀, ó ń ké bí ẹni tí ó ti ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ra láti àárọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n tún orin náà ṣe ní alẹ́ ọjọ́ náà. Bernhart fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé wọ́n ní kí òun gun orí àpótí kan kí fèrè òun lè tó makirofóònù. Nígbà tí ó dákẹ́, Sinatra padà, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀ bí ó ṣe wà níbẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n gbọ̀ngàn ijó ọdún 1935 ni ó wà nínú orin yìí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó ni wọ́n ṣe é fún.

Las Vegas ni yàrá ìgbafẹ́ ti di iṣẹ́ ajé ní tòótọ́. Ìpínlẹ̀ Nevada fi òfin gba tẹ́tẹ́ láàyè ní ọdún 1931. Lẹ́yìn ogun, àwọn òtẹ́ẹ̀lì ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í hù ní aṣálẹ̀ ibẹ̀. Wọ́n ṣí Flamingo ní òpin ọdún 1946 àti Sands ní òpin ọdún 1952. Olórin olókìkí a máa ṣeré ní gbọ̀ngàn ńlá, èrò a sì tú ká. Onítẹ́tẹ́ kò fẹ́ kí wọ́n lọ sùn. Nítorí náà, wọ́n ṣe yàrá kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́, níbi tí ẹni tí ó bá ra ọtí ti lè gbọ́ orin di òwúrọ̀. Louis Prima, ọmọ ìran Ítálì láti New Orleans, tí ó kọ "Sing, Sing, Sing" ní ọdún 1936, ni ó mọ yàrá yìí lò jù. Ẹgbẹ́ ńlá rẹ̀ ti fọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ní Casbar, yàrá ìgbafẹ́ Sahara, ní òpin ọdún 1954. Ìgbà márùn-ún ni òun, ìyàwó rẹ̀ Keely Smith àti Sam Butera tí ó ń fọn saxophone ń ṣeré lóru, láti ọ̀gànjọ́ títí di ìdájí. Prima a máa pariwo, a máa sáré. Smith a dúró gbọnyin, kò ní rẹ́rìn-ín, kí ó tó kọrin ní ohùn tí ó mọ́ kedere. Prima àti Smith gba ẹ̀bùn níbi ayẹyẹ Grammy àkọ́kọ́ ní ọdún 1959.

Ní ìlú yìí kan náà, adúláwọ̀ lè kọrin ní òtẹ́ẹ̀lì ṣùgbọ́n kò lè sùn níbẹ̀. Ẹ̀yìn ìlú, ní apá ìwọ̀-oòrùn, ni wọ́n ń wọ̀ sí lẹ́yìn iṣẹ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1955, wọ́n ṣí Moulin Rouge sí apá ibẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ tí dúdú àti funfun ti lè jọ ta tẹ́tẹ́ ní ìlú náà. Àwọn olókìkí láti òtẹ́ẹ̀lì ńlá a máa wá parí alẹ́ wọn síbẹ̀. Kò pé ọdún tí ó fi tì. Ní oṣù Kẹta ọdún 1960, nígbà tí ẹ̀ka ìlú náà nínú NAACP, ẹgbẹ́ tí ó ń jà fún ẹ̀tọ́ adúláwọ̀, halẹ̀ pé àwọn yóò wọ́de, àwọn onílé tẹ́tẹ́ gbà láti dá ìyàsọ́tọ̀ dúró, inú ilé Moulin Rouge tí ó ti tì náà ni wọ́n sì ti pàdé.

Àwọn obìnrin kò gbẹ́yìn nínú iṣẹ́ yìí. Peggy Lee, tí Goodman gbà síṣẹ́ ní ọdún 1941, gba "Fever" sílẹ̀ ní ọdún 1958 pẹ̀lú báàsì, ìlù àti ìka tí wọ́n ń ta nìkan. Ella Fitzgerald bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ àwo rẹ̀ lórí àwọn òǹkọ̀wé orin Amẹ́ríkà ní ọdún 1956 pẹ̀lú orin Cole Porter, fún Verve, ilé-iṣẹ́ Norman Granz.

Swing kan Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà náà. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà mú un dé Accra àti Èkó nígbà ogun. Bobby Benson, ọmọ Ìkòròdú, padà sí Èkó láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1947, ó sì dá ẹgbẹ́ tí ó ń ṣe swing sílẹ̀ kí ó tó yí sí highlife. Armstrong fúnra rẹ̀ ṣeré ní Accra ní ọdún 1956 àti ní Nàìjíríà ní ọdún 1960.

Rock and roll ti gba àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà láti ọdún 1956, dídé ẹgbẹ́ Beatles ní oṣù Kejì ọdún 1964 sì parí ọ̀rọ̀ swing láàárín wọn. Nat King Cole kú ní ọjọ́ 15, oṣù Kejì, ọdún 1965, àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró ni ó pa á, kò sì ju ẹni ọdún 45 lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1966, Sinatra, ẹgbẹ́ Basie àti Quincy Jones, tí ó to orin wọn, gba àwo kan sílẹ̀ ní Sands, lójú èrò. Òun ni iṣẹ́ ńlá ìkẹyìn sáà náà. Ìfẹ́ orin yìí tún sọ jí ní àwọn ọdún 1990: Natalie, ọmọ Cole, gbé àwo àwọn orin bàbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1991, Capitol sì tún ọ̀pọ̀ orin àtijọ́ tẹ̀ jáde lábẹ́ orúkọ Ultra-Lounge láti ọdún 1996.

Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá orin yìí gbọ́, "After Midnight" ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀, àwo tí Cole gbà sílẹ̀ ní ọdún 1956 nígbà tí ó padà sídìí pianó, tí Harry Edison, ọmọ ẹgbẹ́ Basie àtijọ́, fọn trumpet nínú rẹ̀. Kí ó tẹ̀ lé e pẹ̀lú "Songs for Swingin' Lovers!", lẹ́yìn náà kí ó gbọ́ "The Wildest!" ti Prima fún ariwo àti àwọn àwo Holiday pẹ̀lú Wilson fún ìdákẹ́jẹ́. Àwo Basie ti ọdún 1937 ni kí ó gbọ́ kẹ́yìn, kí ó sì wá gìtá Freddie Green nínú rẹ̀.